Èmi Ni Wọ́n Fi Ṣe Ẹni Tó Ń Ta Oògùn

                                        Ilé tó kọjú sí ilé ìtẹ̀wé,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira ìlú onílùú. Ṣé ara yín le? Ṣé ọ̀gá yín ti dín igbe kù? Ojú yín ńkọ́? Màmá yín ní kí n bi yín bóyá ẹ ń lo awò dúdú tí ẹ bá ń jó irin mọ́rin, torí wọ́n mọ̀ pé agídí yín kò kéré. Bàbá yín wà dáadáa, wọ́n ṣì ń bá rédíò jà bíi pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń gbọ́ wọn. Màmá mi náà ní kí n kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn.

Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kò kú, kò sọnù, ẹ má jáyà. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bínú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, nọ́ọ̀sì ilé-ìwé wa yan díẹ̀ nínú àwa tó wà ní kíláàsì àṣekágbá pé ká máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa àti àwọn tó wà lẹ́yìn wa nípa oògùn olóró. Wọ́n ní tí olùkọ́ bá ń sọ ọ́, etí dídi ni, ṣùgbọ́n tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́. Inú yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí la ti ń kẹ́kọ̀ọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ní ká má wàásù, ká má sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá sọ tinú rẹ̀ fún wa, a ò gbọdọ̀ tú u síta. Tó bá sì jẹ́ ohun tó lè pa á lára, ká jẹ́ kó mọ̀ ká tó mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ìgbà tó yá, a ṣe eré kan ní gbọ̀ngàn. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹni tó ń ta oògùn. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sì ń fi ẹnu dídùn tan ọmọbìnrin tó yẹ kó kọ̀ fún mi: "Ṣebí oògùn ikọ́ lásán ni. Ta ló ti mu ún kú rí? Ìwọ ṣáà tọ́ ọ wò." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fi máa sọ ọ̀rọ̀ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe eré, àtẹ́wọ́ tèmi ni wọ́n ṣì ń pa, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. Orí mi wú. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní ọjà la polówó yẹn, a ò kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ọjọ́ kejì làwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ti ń kí mi ní Oníṣòwò. Àwàdà ni tiwọn. Ṣùgbọ́n àbúrò yín wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi nígbà ìsinmi, òun ò sì ṣàwàdà. Ó bi mí bóyá oògùn náà wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, torí ibi tó ti máa ń ra oògùn ikọ́ kò tà á fún un mọ́. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí i tó ń fa apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sísàlẹ̀ kí n má baà rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ọmọ tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan náà.

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, kí n sì sáré lọ bá màmá yín. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa, mo jókòó tì í, mo bi í pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní ikọ́ gan-an ló kọ́kọ́ ń ṣe òun. Oògùn náà ń jẹ́ kí òun sùn, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, oorun kì í kùn òun nínú yàrá tí ẹ jọ ń sùn tẹ́lẹ̀. Ikọ́ lọ, oògùn ò lọ. Ìdérí kan di ìdajì ìgò, ó tún wá ń pò ó mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á lé òun nílé-ìwé, ẹ̀rù bàbá yín sì tún ń bà á ju ìyẹn lọ. Mo sọ fún un pé mi ò lè dá ẹrù yìí gbé, àfi kí nọ́ọ̀sì gbọ́ sí i. Ó pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí, n kò purọ́. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa pé ká máa lọ.

Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pe màmá yín, àwọn méjèèjì sì mú un lọ rí dókítà. Dókítà ní díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀gá ilé-ìwé sì gbà pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, àwọn ò ní lé e. Kò tíì tán o. Àná ló ju ṣíbí mọ́lẹ̀ torí pé mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ dókítà jẹ rí. Ní ti eré, nọ́ọ̀sì ti gba ṣẹ́ẹ̀tì lára mi. Èmi ni mò ń ṣe ẹni tó ń kọ̀ báyìí, ó sì le ju títà lọ.

Ohun tó kù ni bàbá yín, wọn ò tíì gbọ́. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màmá yín fẹ́ sọ fún wọn, àbúrò yín sì ní òun ò ní jókòó síbẹ̀ àfi tí ẹ bá wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Tí ẹ bá dé, ẹ má bá a jà. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ lò.

Ẹ bá mi kí ọ̀gá yín àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Ìṣojú àbúrò yín ni mo kọ lẹ́tà yìí, torí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ti kà á. Kò ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ìgò kúrò, kò ní kí n yọ ti ṣíbí. Ibì kan péré ló ní kí n pa rẹ́, ibi tí mo kọ ọ́ sí pé àárò yín ń sọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Ó ti lọ pọnmi báyìí, ẹ jẹ́ kí n tún un kọ: àárò yín ń sọ ọ́ gan-an. Ẹ máa bọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
Aláròyé.