Òróró Àdúrà Lára Díísìkì

Àkànbí àbúrò mi, ojú ń tì mí. Èmi ni mo ba díísìkì ètò kọ̀ǹpútà Linux tí o fi ránṣẹ́ sí Adémidé ọmọ mi jẹ́.

Ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó o, ìwọ àti ìyàwó wa. Ara wa le ní Lálúpọn, àfi orúnkún mi.

Mo ta òróró àdúrà sí àwọn díísìkì náà, kí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí Adémidé ń lò lè gbà wọ́n. Òróró náà ṣàn wọnú díísìkì kẹta, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà náà máa ń dúró sí. Adémidé ti tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ní, "Màámi, olódo ni mí, ẹ jẹ́ n lọ gun ọ̀kadà." N kò tíì sọ fún un pé èmi ni.

Jọ̀ọ́, fi díísìkì kẹta mìíràn ránṣẹ́. N ó jẹ́wọ́ fún un, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Olúwa kò ní dójú tì ọ́. Tètè kọ̀wé sí mi.