Orúkọ Tí Wọ́n Fi Sínú Orin Bàbá Rẹ

Ilora,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Ìkórè.

Tolú, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Ìbàdàn. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ara tèmi le. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìsinmi ni ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń rí mi lára, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, kí o má baà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ìkórè wa ń lọ dáadáa títí Akinolúwa, olórí ẹgbẹ́ akọrin, fi ní kí gbogbo ìjọ dìde. Orin tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún wa ni wọ́n gbé. Inú mi dùn, mo ti ń tún gèlè ṣe. Àfi bí wọ́n ṣe dé ibi tó yẹ kí wọ́n ti ní “Olúwa, ìwọ lo dá ọmọ mi sí,” tí mo gbọ́ “Níyìọlá, ìwọ lo dá ọmọ mi sí.” Olóyè Níyìọlá tó ra jẹnẹrétọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì! Òun náà dìde, ó ń juwọ́ sí wa bí ẹni pé òótọ́ ni. Mo jókòó.

Ummu-Salamah, aládùúgbò wa tó máa ń bá wa ṣe Ìkórè bí àwa náà ṣe ń bá wọn ṣe Iléyá, bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ìyá Tolú, ọmọ ta ni Olóyè dá sí?” Ojú tì mí.

Nígbà tí mo bi Akinolúwa, ó ní ìwọ lo fọwọ́ sí i. Ó fi ohun tí o kọ hàn mí lórí fóònù rẹ̀: “Kò burú, orin lásán ni.” Orin lásán! Ìyẹn ló kó mi nírìíra ju ti Olóyè lọ.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tí giri mú ọ. Orí ọ̀kadà la ti gbé ọ dé Ọ̀yọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wojú ara wọn kí o tó sunkún. Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin yìí. Kí la fẹ́ fún Ọlọ́run? Iṣu wa, ewúrẹ́ wa, tirẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀. Ọpẹ́ ẹnu wa ló kù. Ìdí tí onígbàgbọ́ fi ń kọrin ìyìn nìyẹn, kì í ṣe kí ẹni tó ra nǹkan lè tún ra òmíràn. Kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóyè, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un pàápàá, ó ṣe oore. Ṣùgbọ́n kò sí níbi bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Wọ́n tún fẹ́ kọ orin náà níbi ọjọ́ ìbí Olóyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Pe Akinolúwa, kí o kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ. Bí o kò bá pè é, mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́.

Ọlọ́run tó dá ọ sí yóò dá àwọn ọmọ rẹ sí fún ọ. O ò ní fi ojú sunkún wọn. Ilé rẹ yóò tòrò.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń bínú sí ọ,
Àlàkẹ́.

Mo tún rántí: Mi ò tíì lẹ lẹ́tà yìí tí Dorothy, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, fi kó àwọn akọrin yòókù wá bá mi. Wọ́n ní ohùn orin náà ò tíì dúró lẹ́nu àwọn, kí n kọ́ àwọn. Mo kọ́ wọn bí bàbá rẹ ṣe dá a gan-an, títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu. Dorothy wá béèrè ibi tí orúkọ Olóyè máa wọlé sí. Mo ní kò sí àyè.