Ẹ̀hónú lórí Àpótí tí Wọ́n fi ń Mọ Àjẹ́ ní Datcha

Ilé Ìkọ́ṣẹ́ Ìránṣọ,
Ẹ̀bá Ọjà,
Datcha.

Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1984.

Ọ̀gá Pẹrẹfẹ́,
Ọ́fíìsì Ìjọba Agbègbè Ogou,
Atakpamé.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBẸ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ÌYÁ ÀPỌ̀KẸ́ PADÀ SÍ ILÉ RẸ̀, TÀBÍ KÍ Ẹ WÁ KÓ GBOGBO ÌGBÌMỌ̀ ÌLÚ

1. Èmi ni ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa ní Datcha. Àwa fúnra wa kò sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Àwọn ọkọ wa ló ń pè wá ní Ẹgbẹ́ Báwo-lẹ-ṣe-mọ̀, nítorí pé ìbéèrè yẹn ni a máa ń bi ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé oògùn, àlá tàbí ìran wá bá wa. Wọ́n fi ń bú wa ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà bá wa lára mu, a sì gbà á.

2. Láàárín ọyẹ́ tó kọjá, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ignace, tí ó pe ara rẹ̀ ní Purofẹ́sọ̀, wọ ìlú wa. Aṣọ funfun bíi ti dókítà ló wọ̀, ó sì gbé àpótí kan dání. Wáyà so irin méjì mọ́ àpótí náà, abẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ òkè òkun ló ṣe é, pé kí ènìyàn sáà di irin méjèèjì mú; bí abẹ́rẹ́ bá fò sí apá pupa, àjẹ́ ni. Michel, katikísítì wa, tí ó ti ń kọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí Kristẹni má bẹ̀rù àjẹ́, gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ní wáyà.

3. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í sọ ohun tó bá wá kí ó tó gba omi. Obìnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé ló ń bu omi náà, òun náà ló sì ń fi ọwọ́ wọ́n díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Ìyá Àpọ̀kẹ́, opó tó dàgbà jù ní agbo ilé Ògúnlàdé, ló ṣe èyí fún Ignace. Ignace wá ní kí àgbà kọ́kọ́ di irin mú. Ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú igbá omi ni ìyá náà fi dì í mú, abẹ́rẹ́ sì fò. Ọyẹ́ ti mú kí àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọkùnrin tó tẹ̀lé e gbẹ bí èèpo igi. Abẹ́rẹ́ kò mira fún ìkankan nínú wọn.

4. Ògúnlàdé, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ní kí ó jáde nílé lọ́jọ́ náà gan-an. A kò sọ pé oko òwú tí ọkọ ìyá náà fi sílẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lójú. A kàn ń sọ pé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń ká òwú ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá náà ń gbé láti ìgbà náà.

5. Lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ mú Angèle, ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ó ń ti odò bọ̀ níbi tí ó ti lọ fọṣọ. Angèle kì í ṣe ẹni tí ń tètè sunkún. Ó bi Ignace bí ó ṣe mọ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì tún di irin mú. Abẹ́rẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ pé gèlè lè nu àjẹ́ kúrò lára, a kò rí ìdí tí a fi ń lé ìyá arúgbó nílé. Wọn ì bá ti yá a ní gèlè.

6. Ẹgbẹ́ wa pinnu láti dán an wò ní gbangba. A gún iyán, a ránṣẹ́ pe Ignace, Michel àti àwọn ìgbìmọ̀ pé a fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A fún olúkúlùkù ní omi ìfọwọ́, iyọ̀ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé gbogbo wa pátá la gbàgbé aṣọ ìnuwọ́ sílé. Kí wọ́n tó bu òkèlè àkọ́kọ́, Angèle kúnlẹ̀, ó bẹ àwọn bàbá pé kí wọ́n di irin náà mú kí ọkàn ìlú lè balẹ̀. Abẹ́rẹ́ fò fún Ògúnlàdé. Ó fò fún Michel àti gbogbo ìgbìmọ̀ yòókù. Nígbà tí ó kan Ignace fúnra rẹ̀, tí kò lè kọ̀ lójú gbogbo ìlú, abẹ́rẹ́ na ara débi pé ó kan igi àpótí. Ẹnikẹ́ni kò rántí iyán mọ́; àwa obìnrin la padà jẹ ẹ́.

7. Ignace ní ó ti rẹ ẹ̀rọ náà. Ó wọ mọ́tò lọ sí Elavagnon, a sì gbọ́ pé nígbà tí wọ́n dé ọjà ibẹ̀, àárẹ̀ ọ̀hún ti lọ. Ògúnlàdé ní tirẹ̀ sọ pé òótọ́ ni ẹ̀rọ náà sọ nípa Ìyá Àpọ̀kẹ́, pé ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. A bi í bí ó ṣe mọ̀.

8. Nítorí náà, a gbé ọ̀nà méjì síwájú yín, kí ẹ mú ọ̀kan. Bí irọ́ bá ni àpótí náà ń pa, ẹ gbà á lọ́wọ́ Ignace kí ó tó sọ ìyá ẹlòmíràn di aláìnílé, kí ẹ sì rán ẹni tí ìlú yóò bọ̀wọ̀ fún wá, kí ó mú Ìyá Àpọ̀kẹ́ gba ojúde wọlé padà ní ọ̀sán gangan. Bí òótọ́ bá sì ni, ẹ jọ̀wọ́, ọkọ̀ ńlá ni kí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí pé ìgbìmọ̀ náà pọ̀, katikísítì sì sanra. A kò mọ òfin tó ní kí á lé àjẹ́ kan jáde, kí àwọn yòókù máa jókòó dájọ́.

9. A ń fi ẹ̀rín kọ ìwé yìí nítorí pé ẹkún kò ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè fi rẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí wọ egungun. Ìyá Àpọ̀kẹ́ ló tọ́ Élisabeth, ọmọ ọmọ rẹ̀, láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú. Agbo ilé ti kọ́ ọmọ yìí pé bí ó bá rí ìyá àgbà, kí ó sá. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé lọ́jà, ó sá, ṣùgbọ́n ó ń bojú wẹ̀yìn bí ó ti ń lọ. Mo fẹ́ pè é padà kí n bá a wí. Ìyá àgbà dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Má bá a wí. Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé kó máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu." Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá yìí, wọ́n tún pàdé. Ọmọ náà tún sá, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Céline Fájọbí (Ìyáàfin),
Olùkọ́ Ìránṣọ àti Ààrẹ Ẹgbẹ́.