Okùn Lábẹ́ Fèrèsé Bàbá

Àbámẹ́ta, 9/1/82. Odò-Ọwà.
Mo so okùn láti ara igi ọsàn dé ara igi obì, lábẹ́ fèrèsé Bàbá. Nígbà Kérésì, ní Ìlọrin, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń rìn lórí okùn, gbogbo èèyàn gbójú sókè wò ó. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn — kí ẹnìkan ṣoṣo wò mí. Bàbá. Láti oṣù keje tí igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ti já, tó sì jábọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó sì kọjú sí ògiri. Kì í wo ẹnikẹ́ni.
Ìṣísẹ̀ méjì. Mo ṣubú.

Ìṣẹ́gun, 12/1.
Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mo fìdí jókòó. Ìyábọ̀ àbúrò mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ìjókòó o!" Bàbá kò yíjú.

Àìkú, 17/1.
Lẹ́yìn ìsìn, Màmá bá mi lórí Alágídí (orúkọ tí mo sọ okùn yìí). Ó ní ẹnìkan ti jábọ́ nínú ulé yìí, ó ti tó. Mo ní Bàbá ni mo ń ṣe é fún. Ó nu ojú, ó wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 21/1.
Ọyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣubú. Kí ni mò ń ṣe gan-an?

Ẹtì, 29/1.
Mo dé ìdajì, Alágídí já sí méjì. Ó sú mi. Ayé sú mi.

Àbámẹ́ta, 30/1.
Màmá lọ ọjà Òsì. Mo ṣe èèwọ̀. Nílé akọpẹ tiwa, igbà tó bá já ènìyàn sílẹ̀, wọ́n á ká a kọ́ sókè ààrò. Ẹnikẹ́ni kì í tú u wò títí ẹni tó ni ín á fi dìde. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n fi so Alágídí pọ̀. Mo wá ojú ibi tó ti já. N kò rí i. Ó pé, ó le, èéfín ti mú un dúdú. Inú mi dùn — òmùgọ̀! Mo so ó, mo gorí rẹ̀, mo rìn ín láti ọsàn dé obì.
Mo kígbe, "Bàbá, ẹ wò mí!"
Bẹ́ẹ̀dì dún. Ó yíjú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà! Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń wò, ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni.
"Susanna, igbà yẹn kò já. Èmi ni mo tú u lórí ọ̀pẹ."
Ó tún kọjú sí ògiri.
Màmá á dé kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti tú igbà kúrò lára Alágídí, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò lè gbé e padà sókè ààrò, bí ẹni pé ó já.