Ògiri Tó Kọjú sí Títì

Àbúrò mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ara wa le. Orúnkún ń dùn mí, síbẹ̀ mo ń gun àkàbà ju àwọn ọ̀dọ́ lọ.

Àwọn ayàwòrán ń ya àwòrán sára ilé ní àdúgbò wa. Wọ́n ní ògiri mi tó kọjú sí títì ló gún jù, ta ló mọ ọ́n? Mo ní, "Èmi ọ̀gá bíríkìlà ni!" Ni wọ́n bá ya ojú mi síbẹ̀, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá wọn, ṣebí ẹsẹ̀ yín kán, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ wà nígbà tí àbúrò yín mọ ògiri yẹn?"

Òótọ́ ló sọ. Mo ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà bo ojú mi, kí wọ́n ya tìrẹ. Jọ̀ọ́, fi fọ́tò tí o ti wọ aṣọ iṣẹ́ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín.

Wọn á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.