Ẹni Tó Jókòó Lẹ́nu Ilé Dígí

Silja ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ àwòrán ilé yíyà ń lọ dáadáa ní Helsinki? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nígbà òtútù kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹja kéékèèké sì ti ń wọ àwọ̀n.

Mo rí àwòrán ilé ìgbà ooru tí o fẹ́ kọ́ sí etí adágún wa. Dígí ni gbogbo ara rẹ̀, oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo sáré lọ wò ó, àṣé èèkàn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí ẹ fi ya fọ́tò ilé kí ẹ tó kọ́ ọ. Urho káfíńtà ní kọ̀ǹpútà ló yà á, pé ilẹ̀ náà há, wọ́n máa wó ilé ìwẹ̀ olóoru wa, tí a ń fi igi dáná sí, lópin oṣù kí ilé dígí lè ráyè.

Kò burú. Àmọ́ ọkùnrin tó jókòó lórí àtẹ̀gùn, tó kẹ̀yìn sí wa, tó fi aṣọ ìnura kọ́ èjìká, bàbá rẹ ni. Urho ní ènìyàn ọ̀ṣọ́ lásán ni, kọ̀ǹpútà ló ń fi wọ́n síbẹ̀ kí ilé má baà dà bí ahoro. Mo ní kọ̀ǹpútà ò bá Oiva ọkọ mi pàdé rí, ta ló sọ fún un pé èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀? Urho ò mu kọfí rẹ̀ tán.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí yìnyín adágún ti fọ́ mọ́ bàbá rẹ lẹ́sẹ̀, tó sì bá omi lọ, ní gbogbo Sátidé tí mo bá wẹ̀ tán, mo máa ń fi ooru ìkẹyìn sílẹ̀ fún un, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe fún òkú wọn. Àfi bí àwòrán rẹ kejì ṣe dé, ti ìgbà òtútù, ilé dígí ti wà ní títì, yìnyín bo ilẹ̀, ó ṣì jókòó síta bẹ́ẹ̀ láìwọ ẹ̀wù. Ẹ ti ilé dígí pa, ẹ tún fẹ́ wó ilé ìwẹ̀ tó ń móoru, níbo ni kó wọ̀ sí?

Lánàá mo dáná, mo gbé fóònù tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀ sórí àga pákó tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí, mo da omi sórí òkúta gbígbóná, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo jáde. Nígbà tí mo padà, mo nu ojú fóònù. Ilé wà níbẹ̀, yìnyín wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn ṣófo. Urho náà wò ó, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Jọ̀wọ́ fi ọgbọ̀n yúrò ránṣẹ́ fún igi ìdáná. Bí ilẹ̀ kò bá gba ilé méjì, gé ti dígí kúrú. Ibi tí o bá fọwọ́ kàn yóò di ilé ayọ̀, wàá pẹ́ láyé, wàá sì ju èmi lọ. Sọ fún àwọn tó ń bọ̀ wá wó ilé ìwẹ̀ kí wọ́n padà sílé. Ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Martta