Ẹ̀wù Kúlúùnù ní Kétu

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kọkànlá, 1953

Kamiyọ́ọ̀nù àwọn òyìnbó kan kú sí ẹ̀yìn ọjà láàárọ̀ yìí. Ó tú èéfín, ó wúkọ́ bí àgbà tó fa tábà jù, ó dákẹ́. Wọ́n kùn ún ní pupa àti àwọ̀ ìyeyè, wọ́n ya erin sí i lára. Kò sí erin nínú rẹ̀. Ọ̀bọ kan ló wà níbẹ̀, àti ẹṣin kan tí èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Sírìkì ni wọ́n ń pe ara wọn: wọ́n ń ti ìlú dé ìlú ṣeré fún àwọn èèyàn wò. Pobẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀. Irin kan ló kán nínú ẹ́ńjìnì, àfi kí òmíràn ti Àjàṣẹ́ wá.

Jọkẹ́, tí a jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, pòṣé. Ó ní ọ̀bọ ni wọ́n gbé wá fi han ará Kétu, ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo wa lóko.

Honoré yà wò mí nírọ̀lẹ́. Àfẹ́sọ́nà mi ni, akọ̀wé ní biróò Kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ìlà-Ṣòkòtò, nítorí ìlà tó máa ń lọ̀ síwájú ṣòkòtò rẹ̀ lè gé iṣu. Ó ní kí n má lọ wo àwọn oníranù yẹn. Ó ní lẹ́yìn Kérésì la ó ṣègbéyàwó, wọn ó sì gbé òun lọ sí Àjàṣẹ́. Ìyàwó akọ̀wé kì í dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó máa la ẹnu wo ọ̀bọ. Mo ní mo ti gbọ́, ẹ ṣeun.

Mo ti lọ wò ó kí ó tó dé.

Ìṣẹ́gun, 17

Wọ́n wá pè mí. Ọ̀bọ ti fa ẹ̀wù kúlúùnù ya — kúlúùnù ni wọ́n ń pe alápanilẹ́rìn-ín wọn. Èmi ni wọ́n pè nítorí mo gbọ́ Faransé díẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ra ẹja.

Ẹ̀wù náà! Apá kan pupa, apá kan funfun, wọ́n pín in láti ọrùn dé ẹsẹ̀ bí ẹni la obì. Ṣòkòtò fẹ̀ débi pé tọkọtaya lè wà nínú rẹ̀ kí wọ́n máa jà. Bọ́tìnì bí ìdérí ìkòkò. Kọ́là wá ńkọ́ — aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣẹ́ lé ara wọn, ṣẹ́ lé ara wọn, tó yí ọrùn ká, tó dúró bí ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tó fẹ́ jà. Mo fọwọ́ kàn án.

Mo ní kí kúlúùnù fúnra rẹ̀ wá kí n wọn ara rẹ̀. Ó wá, ẹfun lójú, imú pupa. Mo na téèpù yí àyà rẹ̀ ká. Mo dúró. Òun náà dúró. Ó bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin ni! Thérèse lorúkọ rẹ̀. Láti àná ni gbogbo Kétu ti ń kí i ní "Bàbá, ẹ káàbọ̀." Ó fi ìka sẹ́nu pé kí n má sọ. Èmi náà fi ìka sẹ́nu.

Níbí, ọkùnrin ló ń ró ìró, tó ń de ọmú igi mọ́ àyà, tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ta ló wá ní kí obìnrin má wọ ṣòkòtò?

Mi ò ní í sọ fún Jọkẹ́.

Mo ti sọ fún Jọkẹ́.

Ọjọ́rú, 18

Kọ́là yẹn. Mo ń yí ẹ̀rọ, kọ́là ni mò ń rí. Mo ran apá ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni mọ́ ọrùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Mo ti rán an. Ẹ̀wù obìnrin ni o, kì í ṣe ti sírìkì. Apá kan pupa, apá kan aró, nítorí funfun kò lè bá eruku Kétu ṣọ̀rẹ́. Apá ọwọ́ wú bí ẹ̀kọ tó ń hó. Mo fọ́ igbá, mo gé e róbótó, mo fi aṣọ bò ó, ó di bọ́tìnì. Kọ́là ni mo pẹ́ lé jù: mo fi lẹ́ẹ̀ gbàgúdá nà án, mo sá a sóòrùn, ó le gan-an.

Èmi ò láyà àtiwọ̀ ọ́. Jọkẹ́ láyà. Ó wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà.

Ewúrẹ́ sá. Bàbá kan bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Àwọn obìnrin tó gbé àgbàdo wá láti Okpomèta sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tẹ kọ́là náà wò bí ẹni ń tẹ ọsàn. Àmúdà tó ń ta aṣọ, tí kì í rẹ́rìn-ín fún oníbàárà, tẹ̀ lé e yí ọjà ká. Nígbà tó dé ìsọ̀ rẹ̀ padà, ó kó gbogbo aṣọ pupa rẹ̀ síwájú.

Jọkẹ́ padà dé, ó jókòó, ó ń fọwọ́ pa ọrùn. Ó wá ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọrùn òun gùn.

Àbámẹ́ta, 21

Àwọn obìnrin kún ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀. Ṣàkírátù, ìyàwó Àmúdà, fẹ́ kọ́là tí kò ní í dí ìborí òun lọ́wọ́. Rẹ̀mí ní kí n to bọ́tìnì ti òun sẹ́yìn, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn lè rí nǹkan wò.

Ìlà-Ṣòkòtò wọlé. Àwọn obìnrin rí ojú rẹ̀, wọ́n tú ká.

Kọ̀máńdà ti bi í ní biróò bóyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ́ sọ Kétu di sírìkì. Àwọn òyìnbó yòókù rẹ́rìn-ín. Òun náà dúró tòun ti fáìlì lọ́wọ́, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wùmí, o mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa bá wọn fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín?" Àánú rẹ̀ ṣe mí, lóòótọ́. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà náà ló ní kí n yàn: òun, tàbí àkísà kúlúùnù. Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn síwá sẹ́yìn — ó fa kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó húkọ́, ó yí padà bí ṣọ́jà, ó tún fa kọ́là. Jọkẹ́ wà lẹ́yìn aṣọ títa, ó ti ki etí ìró sẹ́nu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 22

Barnabé, katẹkísì ṣọ́ọ̀ṣì wa, fẹ́ fi ìwàásù nà wá. Kò wo ìwé dáadáa: ẹ̀wù aláràbarà Jósẹ́fù ló bọ́ sí i lẹ́nu. Jọkẹ́ sọ sí mi létí pé ṣebí ọmọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù ló rán an fún. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá Honoré, Màmá Marguerite, yíjú padà láti iwájú: "Ẹ dákẹ́!" Màmá Ẹ-Dákẹ́ ni mo ń pè é níbí. Òun ni ìyá ọkọ mi lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 26

Irin ti dé. Sírìkì yóò ṣeré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí wọ́n tó lọ. Ìlà-Ṣòkòtò kò tíì yà. Èmi náà kò tíì ro nǹkan kan.

Àìkú, 29

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lánàá, bí wọ́n ṣe ń tò ìjókòó sí pápá ilé-ìwé, Thérèse fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú kamiyọ́ọ̀nù, ó fẹsẹ̀ rọ́. Kókósẹ̀ wú. Sírìkì láìsí kúlúùnù, ọ̀bọ àti ẹṣin nìkan ló kù, ìlú sì ti jókòó. Thérèse wò mí. Mo ní rárá. Ó ń kun ẹfun sí mi lójú bí mo ṣe ń sọ rárá. Mo wọ ẹ̀wù kúlúùnù tí ọ̀bọ fà ya, tí mo fọwọ́ ara mi rán pọ̀, mo fi fìlà bo irun, mo jáde.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo Kétu ń wò mí, mo ń wo Kétu. Mo ṣubú — wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Òógùn ń fọ ẹfun lọ. Mi ò mọ ohun tí n ó ṣe, ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n. Mo fa kọ́là. Mo húkọ́. Mo nà gbọnrangandan nínú ṣòkòtò ńlá yẹn, mo rìn, mo yí padà bí ṣọ́jà, mo tún fa kọ́là.

Obìnrin kan kígbe, "Akọ̀wé!" Pápá bú gbàù.

Iwájú ni Honoré jókòó sí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín! Ó gbé orí sẹ́yìn, mo rí eyín tí mi ò rí rí. Ó rẹwà. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà wà lára kọ́là rẹ̀. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Ó dìde, ó ń lọ. Bó ṣe ń rìn gan-an nìyẹn, kò sì lè ṣe é ní ọ̀nà mìíràn, ni ìlú bá tún bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Thérèse tiro jáde, ó fẹ́ fi mí han àwọn èèyàn, ó ṣí fìlà lórí mi. Irun mi tú sílẹ̀. Honoré ti bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, 30

Kamiyọ́ọ̀nù ti lọ. Thérèse fi ẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ìránṣẹ́ dé láti ilé Honoré: lọ́la, a ó pàdé lọ́dọ̀ bàbá mi ní Odomèta. Jọkẹ́ ní kí òun bá mi lọ. Mo ní rárá, o ó rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kejìlá

Bàbá mi, Babalọlá, ń yọ àgbàdo lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, kò sì dáwọ́ dúró. Màmá Marguerite ló rojọ́: ọmọ yín wọ ṣòkòtò, ó kun ojú, ó fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìlú.

Bàbá ní, "Ẹ mà kú ìrìn o. Ní ti ṣòkòtò, ìyá Honoré, èmi ò lẹ́nu níbẹ̀. Ìró tí mo ti ró jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pọ̀ ju èyí tí ìyá Wùmí ró lọ́jà lọ." Mo ń wo ilẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Ní ti yẹ̀yẹ́, ìyẹn kò dáa. Wùmí, kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ Honoré, mi ò sì fi ṣeré. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mi ò pète rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ló ṣe é.

Ó ní kí n dìde. Ó ń wo àgbàdo, kò wò mí. Ó ní, "Ẹ̀rín ìlú kọ́ ló dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń wò mí."

Òótọ́ ni.

Bàbá bi wá bóyá a ṣì fẹ́ra. Honoré ní ìyàwó tí yóò wà lẹ́yìn òun ní Àjàṣẹ́ lòun fẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni mi ò lè gbé." Ó mi orí. Ó bọ bàbá mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Èèyàn dáadáa ni. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún, ó sì yà mí lẹ́nu bí ẹkún náà ti pọ̀ tó.

Ibẹ̀ ni Màmá Marguerite ti bá mi. Mo ro pé ó fẹ́ gbá mi létí, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kalẹ̀ fún un. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sọ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Wo ọrùn yìí. Ó ti hunjọ. Ṣé kọ́là yẹn lè bò ó?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ní, "Ó lè bò ó, Màmá."

"Èmi náà rẹ́rìn-ín ní Sátidé. Mo fi ìborùn bo ẹnu. Ọmọ mi ni, àmọ́ bó ṣe ń rìn nìyẹn."

Mi ò mú téèpù dání. Mo já èèpo àgbàdo, mo fi wọn ọrùn rẹ̀. Mo bi í pé àwọ̀ wo.

"Pupa. Èyí tí wọn ó ti Kpankou lọ́hùn-ún rí."

"Ṣé kí n jẹ́ kó ga bo etí yín?"

"Rárá o," ó ní. "Mo fẹ́ máa gbọ́ ohun tí wọn ó máa sọ."